Kọ́ìnì pàjáwìrì àwọn ìlú Jámánì (1914 sí 1921): báwo la ṣe ń mọ sínkì yàtọ̀ sí irin, báwo la sì ṣe ń tọ́jú wọn?

Owó1917 béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Lọ́ọ̀tì kọ́ìnì pàjáwìrì Jámánì kan wà lọ́wọ́ mi, nǹkan bí ogójì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti 1917 sí 1920. Ẹni tó tà á kọ "sínkì" sí gbogbo wọn, àmọ́ òòfà ń gbé àwọn kan. Mẹ́ta ní ìyẹ̀fun funfun lára. Téèyàn bá nù ún, ó tún ń yọ padà. Àwọn kan ní orúkọ ìlú, àwọn mìíràn kọ "Deutsches Reich" nìkan. Ọ̀kan kọ "Coblenz", mi ò sì rí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí máàpù.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe láti tò wọ́n? Ṣé omi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí fínígà lè kó ìyẹ̀fun yẹn kúrò? Inú kí ni kí n tọ́jú wọn sí? Ẹ ṣeun.

Àgbà_Akójọ dáhùn:

Ẹ gbé lẹ́mọ́ọ̀nù àti fínígà jìnnà sí tábìlì. Ásíìdì ni méjèèjì, sínkì kò sì lè dúró níwájú ásíìdì rárá. Kì í ṣe ìyẹ̀fun nìkan ló máa kó lọ. Á jẹ ojú kọ́ìnì fúnra rẹ̀, etí àwọn lẹ́tà á rọ̀, àwọ̀ á wá ṣì báṣubàṣu. Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mẹ́tàlì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù dúró lé, àti ìdámọ̀ àti ìtọ́jú. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1914, àwọn èèyàn kó owó wúrà àti fàdákà pamọ́ sílé. Nígbà tó yá, bàbà àti níkẹ́lì di ohun tí àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ń wá kiri, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ti dí ọ̀nà òkun mọ́ Jámánì. Ìjọba wá ń fi irin ṣe 5 Pfennig (owó kékeré Jámánì, ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni Mark kan) láti 1915 àti 10 Pfennig láti 1916. Ní 1917 wọ́n tún fi sínkì ṣe 10 Pfennig. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe 1 Pfennig láti 1916 sí 1918. Síbẹ̀ ṣéńjì kò tó ná. Ni àwọn ìlú, àwọn Kreis (ìyẹn àwọn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀), àwọn iléeṣẹ́ àti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun bá ń ṣe tiwọn, wọ́n sì lo ohun tó wà nílẹ̀. Sínkì ń ti Oberschlesien wá, agbègbè kan ní ìlà oòrùn Jámánì nígbà náà, irin kò sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí lọ́ọ̀tì yín fi rí eérú-eérú látòkè délẹ̀.

Torí náà, gbogbo èyí tó bá kọ "Deutsches Reich", ẹ yà á sọ́tọ̀. Owó ìjọba nìyẹn, kì í ṣe ti ìlú kankan, bí àwọn ọlọ́jà tiẹ̀ ń dà wọ́n pọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ máa rí lẹ́tà kékeré kan lára rẹ̀ tó ń sọ ibi tí wọ́n ti lù ú: A ni Berlin, D ni München, E ni Muldenhütten, F ni Stuttgart, G ni Karlsruhe, J ni Hamburg. Kọ́ìnì ìlú kì í sábà ní lẹ́tà bẹ́ẹ̀, nítorí iléeṣẹ́ aládàáni ló lu èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: L. Chr. Lauer ní Nürnberg, Mayer & Wilhelm ní Stuttgart, àti àwọn oníṣẹ́ mẹ́tàlì Lüdenscheid. Ohun tí ẹ máa rí lára wọn ni "Kriegsgeld" (owó ogun), "Notgeld" (owó pàjáwìrì), "Kriegsmünze" (kọ́ìnì ogun) tàbí "Kleingeldersatzmarke" (àmì tó dípò ṣéńjì), pẹ̀lú orúkọ ibi tí owó náà ti jáde.

Ó wá kan òòfà. Ẹ má fi òòfà lílágbára lé kọ́ìnì lójú tààrà, á fò mọ́ ọn, á sì ha á. Ẹ fi bébà tín-ín-rín wé e, ẹ fi òwú so ó rọ̀, kí ẹ wá rọra sún kọ́ìnì súnmọ́ ọn. Bí òòfà bá fà, irin wà nínú rẹ̀. Bí kò bá fà, tí kọ́ìnì sì wúwo lọ́wọ́, sínkì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá fà, tó sì fúyẹ́ débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan wà lọ́wọ́ yín, alumíníọ̀mù ni.

Ibi tí ọlọ́jà yín ti ṣìnà nìyí: ọ̀pọ̀ kọ́ìnì onírin ni wọ́n fi sínkì bò kó má bàa dógùn-ún. Lójú, sínkì ni. Nínú, irin ni. Nínú àpèjúwe Jámánì, "Eisen verzinkt" ni wọ́n ń kọ, "Eisen vernickelt" sì ni èyí tí wọ́n fi níkẹ́lì bò. Ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wo etí kọ́ìnì àti ibi tó yọ sókè jù. Bí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú bá ń yọjú níbẹ̀, ìbòrí ti ń tán nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: nígbà míì, kátálọ́ọ̀gì á ka irin lásán àti irin tí wọ́n fi sínkì bò sí oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wọ́n ju èkejì lọ. Ásíìdì díẹ̀ lè bó ìbòrí yẹn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ẹ tó sanwó ńlá lórí "irin lásán", ẹ wo inú kọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà bóyá sínkì ṣẹ́kù síbẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá gbogbo ojú rẹ̀ ní ihò tíntìntín káàkiri. Bí ẹ bá rí méjèèjì, wọ́n ti bó o ni.

Ìyá_Àpótí dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun funfun yẹn.

Sínkì tó pàdé ọ̀rinrin níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni inú ọ̀rá PVC, ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi kọ́tìnì ilé ìwẹ̀ tuntun. PVC máa ń tú hydrochloric acid jáde díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbó, sínkì àti irin ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta yẹn bá wà nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, nínù nìkan ò lè ṣe é. Orísun rẹ̀ wà lára wọn síbẹ̀.

Ẹ mú wọn jáde. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tó gbẹ gbá ìyẹ̀fun tó dá dúró kúrò. Ẹ má fi tipátipá fá èyí tó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ da acetone gidi sínú ife gíláàsì tó ní ìdérí, kì í ṣe omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, torí wọ́n ń po òróró àti àwọ̀ mọ́ ìyẹn. Ẹ fi kọ́ìnì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹ dà á nù, ẹ tún fi tuntun ṣan án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ lórí bébà. Acetone kì í jẹ mẹ́tàlì. Òróró àti ìdọ̀tí PVC ló ń tú. Àmọ́ ó ń yára gbaná, torí náà ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sì sí nítòsí. Ife ike ńkọ́? Àwọn oríṣi kan á yọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún oṣù kan tàbí méjì kí ẹ máa wò wọ́n. Bí ìyẹ̀fun kò bá padà, ó ti kú nìyẹn. Ihò dúdú tó bá kù nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní kún mọ́. "Zinkfraß" ni àwọn ọlọ́jà Jámánì ń pè é, ó sì ń já iye kọ́ìnì wálẹ̀ gan-an. Àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn tó sì tẹ́jú báìbáì kò níṣòro o, òun ló ń dáàbò bo sínkì. Ẹ má dán an!

Omi ẹ̀rọ kò dára fún irin, torí chlorine àti iyọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ lára kọ́ìnì onírin, omi distilled ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé e sínú acetone lójú ẹsẹ̀ kó lè lé omi jáde. Omi tí wọ́n ń ri fàdákà sí kó lè dán, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan sínkì tàbí irin. Sódà oúnjẹ náà ò dára fún alumíníọ̀mù.

Ibi ìtọ́jú: àpò Mylar tàbí polyethylene (ike tí kò ní PVC nínú), tàbí káádì onífèrèsé tó ní Mylar nínú. Bí ẹ bá fi pín-ìn-nì pa káádì, ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀yìn pín-ìn-nì náà pẹlẹbẹ, torí òun ló ń ha kọ́ìnì inú káádì tó tẹ̀lé e. Àpótí igi oak lẹ́wà, àmọ́ ó ń tú acetic acid, sínkì ò sì fẹ́ ẹ. Mahogany ló bójú mu. Ẹ kó silica gel sínú àpótí tó ń dé gbọningbọnin, kí ọ̀rinrin má kọjá 40% níbi tí irin bá wà. Mítà ọ̀rinrin kékeré kò wọ́n. Bí silica gel bá ti mu omi yó, ẹ gbé e sínú ààrò ní nǹkan bí 120 °C fún wákàtí díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Fáfá_Pfennig dáhùn:

Coblenz ni Koblenz. Títí di 1926, C ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bákan náà ni Cassel (Kassel, 1926) àti Crefeld (Krefeld, 1925). Ẹ sì lè rí Cöln fún Köln. Tí ẹ bá ń wá nǹkan lórí ọjà gbàǹjo, ẹ tẹ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì, torí ọlọ́jà kan á da ohun tó wà lára kọ́ìnì kọ, òmíràn á kọ orúkọ òde òní. Kọ́ìnì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà tí àwọn èèyàn kì í wá, olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń jẹ́.

Àwọn orúkọ tó jọra ló ń da orí rú jù. Frankfurt a. M. wà lórí odò Main, Frankfurt a. O. wà lórí Oder. Mühlhausen tó ní h wà ní Thüringen. Mülhausen tí kò ní h wà ní Elsass, ilẹ̀ Faransé ló wà báyìí. Rothenburg wà lórí Tauber, Rottenburg wà lórí Neckar. Neustadt ò lóǹkà, lẹ́tà kékeré tó tẹ̀ lé e ló máa gbà yín: "O. S." ni Oberschlesien, "i. W." ni Westfalen, "a. d." ni "lórí odò", "O. A." ni Oberamt, ìyẹn Württemberg. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, ẹ wo àmì ìlú tó wà lẹ́yìn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ìlú kan kò sí ní Jámánì mọ́: Posen (Poznań), Bromberg (Bydgoszcz), Thorn (Toruń), Graudenz (Grudziądz), Strassburg. Danzig ṣe 10 Pfennig sínkì ní 1920, oríṣi méjì sì ni: èyí tí nọ́mbà 10 rẹ̀ kéré àti èyí tí tirẹ̀ tóbi. Èyí tó tóbi ló ṣọ̀wọ́n. Ẹ fi àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́.

Nípa nọ́mbà kátálọ́ọ̀gì: Funck àti Menzel ni àwọn tó kọ kátálọ́ọ̀gì tí a ń lò jù. Nọ́mbà Funck ni ẹ máa rí jù fún kọ́ìnì àwọn ìlú àti Kreis. Nọ́mbà tó ṣáájú àmì tótó ń tọ́ka sí ibi tí owó ti jáde, èyí tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí iye owó tàbí oríṣi. Menzel fẹ̀ jù ú lọ, ó kó iléeṣẹ́ aládàáni àti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun mọ́ ọn. Nọ́mbà méjèèjì kò bára mu, ẹ má dà wọ́n pọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín.

Kí ẹ lè mọ oríṣi, ohun márùn-ún ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan: mẹ́tàlì, ìwọ̀n ní gíráàmù dé 0.01, ìbú ní mìlímítà dé 0.1 (fún onígun mẹ́jọ, ẹ wọn láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àti láti igun sí igun), bí etí ṣe rí, àti ìdúró ojú méjèèjì. Ti ìkẹyìn yìí, ẹ di kọ́ìnì mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ yí i láti òsì sí ọ̀tún. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúró ṣánṣán, ìdúró mẹ́dàlì ni, àwọn Jámánì á fi ọfà méjì tó kọjú sókè kọ ọ́. Bó bá dorí kodò, ọfà kan á kọjú sókè, èkejì sísàlẹ̀. Nígbà míì, iye àmì róbótó tó yí etí ojú kọ́ìnì ká nìkan ló ya oríṣi méjì sọ́tọ̀, ẹ ó sì ní láti kà á. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀.

Lórí bó ṣe dára tó: irin le, ó ń tètè jẹ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu owó. Ọ̀pọ̀ kọ́ìnì onírin kò fi bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti lù ú. Bí àárín àwòrán bá rẹ̀wẹ̀sì ṣùgbọ́n tí etí lẹ́tà mú ṣámúṣámú, lílù ló kùnà, kì í ṣe ọwọ́ ọjà ló jẹ ẹ́. Àmì ìdára tí ẹ máa rí ni "s" (schön), "ss" (sehr schön), "vz" (vorzüglich), "st" (Stempelglanz), láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ ṣọ́ra fún "gereinigt", wọ́n ti fọ̀ ọ́ nìyẹn; "gelocht", wọ́n ti lu ihò sí i; "Randfehler", etí rẹ̀ ti bàjẹ́.

Owó1917 fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀ gbogbo yín. Lẹ́yìn ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan ṣẹ́kù tó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè bí idẹ. Òòfà kò fà á. Kátálọ́ọ̀gì sọ pé sínkì nìkan ni ìlú náà fi ṣe 10 Pfennig yẹn. Ṣé ayédèrú ni?

TọpaSínkì dáhùn:

Kò pọndandan. Ohun mẹ́ta ló lè jẹ́: sínkì tí ẹnì kan fi nǹkan ìyeyè bò, "Abschlag", ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ náà fi òǹtẹ̀ kan náà lù lórí mẹ́tàlì mìíràn, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn olùkójọ nígbà náà gan-an, tàbí èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀n inú omi á yanjú ti àkọ́kọ́.

Ẹ wọn kọ́ìnì gbígbẹ lórí òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù. Ẹ wá gbé ife omi lé òṣùwọ̀n náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so kọ́ìnì, ẹ rì í bọ omi pátápátá láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ pín ìwọ̀n àkọ́kọ́ sí ọ̀nà iye tí òṣùwọ̀n kà báyìí. Sínkì jẹ́ 7.14, irin 7.87, alumíníọ̀mù 2.70, idẹ wà láàárín 8.4 sí 8.7, bàbà 8.96. Àpẹẹrẹ: kọ́ìnì tó wọn gíráàmù 3.50, bó bá kà 0.49 nínú omi, sínkì ni. Bó bá kà 0.41, idẹ ni. Fún kọ́ìnì kékeré báyìí, àṣìṣe 0.01 péré lè yí èsì padà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Afẹ́fẹ́ róbótó tó lẹ̀ mọ́ kọ́ìnì ló sábà máa ń ba èsì jẹ́. Ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan nínú omi náà á dín in kù. Lẹ́yìn náà, omi distilled, acetone, gbígbẹ.

Bí ó bá jẹ́ idẹ lóòótọ́, ẹ fi àwòrán rẹ̀ wé ti sínkì lẹ́tà sí lẹ́tà. Abschlag tòótọ́ ní láti bá a mu délẹ̀, títí kan ibi tí òǹtẹ̀ ti sán. Bí ojú rẹ̀ bá rọ̀ tí àwọn lẹ́tà sì nípọn, tí etí ní ìlà tó yí i ká, dídà ni wọ́n dà á, kì í ṣe lílù.

Ẹ má dààmú jù lórí kọ́ìnì sínkì tó wọ́pọ̀. Yúrò díẹ̀ ni wọ́n ń tà á, èrè kò sí nínú ayédèrú rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni àwọn tó wọ́n: ti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, 15 Rupien (Rupien àti Heller ni owó ilẹ̀ náà) oníwúrà tó ní erin lára, èyí tí wọ́n lù ní Tabora ní ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1916, nínú iléeṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Tí ẹ bá fẹ́ ti Tabora, 20 Heller onídẹ tàbí oníbàbà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ ń yàtọ̀ nípa bí adé ṣe tóbi tó àti bí ìrù lẹ́tà L méjèèjì nínú HELLER ṣe rí, bóyá ó ká tàbí ó mú.

Àgbà_Akójọ fèsì:

Ìyá_Àpótí ti sọ gbogbo rẹ̀ dáadáa; ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un lórí irin tó ti dógùn-ún. Àwọn kan á ní kí ẹ fi òróró pa á. Òróró mineral lè mú kí ìpáàrà rọ̀ kí ẹ fi igi ìtayín fá a díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, ìyẹn kò burú. Àmọ́ ẹ má fi òróró sílẹ̀ lára rẹ̀ kí ẹ wá kó o sínú káádì. Á fa eruku, á sì wọ bébà. Ẹ fi acetone fọ òróró náà kúrò tán, kí ẹ fi aṣọ òwú fi ìda microcrystalline tín-ín-rín pa á, kí ẹ nù ún. Ìda yẹn ṣeé yọ nígbàkígbà, kò sì yí àwọ̀ padà púpọ̀. Lórí irin tí wọ́n fi sínkì bò, ẹ má fá ohunkóhun. Igi yẹn á bó ìbòrí kúrò, ibẹ̀ gan-an ni ìpáàrà tuntun á ti bẹ̀rẹ̀.

Owó1917 fèsì:

Ó yé mi. Ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé kí n máa ra gbogbo ìlú tí mo bá rí?

Fáfá_Pfennig dáhùn:

Ẹ ò ní lè kó o tán, ẹ yan ìhà kan. Bavaria dára fún ẹni tó bá fẹ́ràn sínkì 1917 àti 1918. Bonn ṣe 10, 25 àti 50 Pfennig irin ní 1920 pẹ̀lú orí Beethoven, torí ó pé ọdún 150 tí wọ́n bí i. Mẹ́ta péré, ẹ lè parí rẹ̀ láìpẹ́, ó sì ṣòro láti rí èyí tí kò dógùn-ún. Ober Ost ti 1916, ìyẹn 1, 2 àti 3 kópẹ́kì irin tó ní lẹ́tà Rọ́ṣíà, jẹ́ ti àwọn ológun Jámánì fún ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní ìlà oòrùn. Ẹ wá A ti Berlin àti J ti Hamburg fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́fà.

Ohun tó bá ti 1920 kọjá, ọ̀ràn mìíràn ni. Ti Meissen, amọ̀ sísun aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí funfun pẹ̀lú idà méjì tó dábùú ara wọn, kì í dógùn-ún, àmọ́ ó ń fọ́. Ẹ má fi aṣọ nu èyí tó bá ní wúrà létí, wúrà náà á bá aṣọ lọ. Kápúsù alumíníọ̀mù tó ní sítáǹpù lẹ́tà nínú, tí wọ́n ń ná bí ṣéńjì, ẹ má ṣí i láéláé, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ torí àwọ̀ sítáǹpù ń ṣá. Ti Westfalen 1921 sí 1923 tó ní orí Freiherr vom Stein, olóṣèlú Prussia àtijọ́, èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù nínú wọn rọ̀ gan-an. Ìka lásán ò ní ha á, àmọ́ kọ́ìnì méjì tó ń gbá ara wọn nínú àpò kan á ha ara wọn, torí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé inú àpò tirẹ̀.